Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Ahọ́n Ẹlẹ́dẹ̀

Owó ńlá wọlé fún tíṣà Pyo Hye-ran lọ́jọ́ Ẹtì, ara rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń kọ̀wé sí àjọ kan ní Seoul, olú ìlú Kòríà, tó ń fúnni lówó ìrànwọ́. Ohun tó ń tọrọ ò ju tábìlì tẹníìsì àti owó ilé lọ, fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú Gunsan tó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ wọn bá wọ kíláàsì láàárọ̀, etí èbúté ni wọ́n ń rìn kiri. Ọdún mẹ́ta, èsì kan náà: "Ẹ ṣeun, ẹ tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀." Ẹ gbà mí o, ṣé "ẹ ṣeun" la fi ń san owó ilé? Àfi lójijì tí fóònù dún. Wọ́n ti fún un, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó béèrè.

Àwọn ọmọ fò sókè. Gil Mu-yeol, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri, tó sì mọ tẹníìsì gbá ju gbogbo wọn lọ, gbé tíṣà rẹ̀ yípo.

"Tíṣà, ẹ ti dolówó! Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun la máa jẹ lónìí, àbí mo parọ́?"

"Gbé mi sílẹ̀ jàre, wọ̀bìà!"

Hye-ran ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó fún un lówó náà. Kì í ṣe àwọn ará Seoul.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ló gun òkè lọ sílé Ìyá Cheon, abókùúsọ̀rọ̀ tí àsíá funfun àti pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ọ̀pá oparun lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ inú yàrá náà ṣú bí inú ìkòkò. Àbẹ́là méje ń jó. Àwòrán àwọn òrìṣà olójú ńláńlá kún ara ògiri. Ọ̀bẹ gbọọrọ méjì kọ ẹnu sókè, àwọn tí ìyá náà máa ń fi ẹsẹ̀ lásán dúró lé. Èéfín tùràrí há Hye-ran lọ́fun.

"Jókòó, ọmọ mi. Owó lo wá wá."

"Àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fi tọ́jú, Ìyá."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́ fi ṣe." Ìyá Cheon fọ́n ìrẹsì sórí tábìlì, ó ń fi èékánná ṣà á kiri. "Olúwa mi tí mò ń bọ kì í jẹ ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ. Èwo nínú wọn ni kò lẹ́ni tó máa wá a?"

Hye-ran fẹ́ dìde. Ó tún jókòó.

"Ìyá, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n o."

"Ọmọ ọlọ́mọ wo? Ọmọ tórúkọ rẹ̀ ò sí nínú rẹ́jísítà ilé ẹ̀kọ́ kankan, bí kò bá dé láàárọ̀, ta ló máa béèrè rẹ̀? Ìwọ fúnra ẹ lo ti ń ṣa oúnjẹ jọ fún olúwa mi látọdún mẹ́ta, o ò kàn mọ̀ ni." Ó ta bébà sí i. "Kọ orúkọ kan. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi orí ẹlẹ́dẹ̀ ṣílé yín bí àṣà wa, fi í sábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àlejò bá pe orúkọ yẹn nínú ilé náà, tẹ́nì kan bá jẹ́ ẹ, olúwa mi ti gba tiẹ̀ nìyẹn."

Mu-yeol ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ ti kú, òkun ti gbé bàbá rẹ̀ lọ, ìyá àgbà kan péré ló kù, òun náà ò ríran dáadáa. Hye-ran kọ "Gil". Mi ò ní bò ó, ó kọ ọ́. Ìgbà tó rí i lójú bébà ni ìtìjú mú un, ó ya á sí wẹ́wẹ́.

Ọgbọ́n kan wá sọ sí i lọ́kàn. Ogún ọ̀dọ́ ni àjọ yẹn ń béèrè, mọ́kàndínlógún ló sì ní. Ó ti hùmọ̀ ẹnì kan láti fi dí i, Ma Ji-oh lórúkọ tó sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ òsì fọwọ́ sí ìwé ìpéjọ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta ló máa jẹ́ orúkọ ẹni tí wọn ò bí? Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Ó kọ Ma Ji-oh sórí bébà mìíràn.

Ìyá Cheon gbọ́ òórùn bébà náà. "Ọmọ yìí fúyẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n olúwa mi kì í dá oúnjẹ padà." Ó gbá àtàǹpàkò Hye-ran mú, ó fi lu ẹnu ọ̀bẹ, ó tẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ orúkọ náà. Ó wá ń mi agogo:

"Òkun kì í kọ omi odò.
Iná kì í kọ epo.
Ẹnu ọ̀nà kì í kọ àlejò.
Ẹni a pè tó bá dáhùn, kó má lè kọ̀!"

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé, Hye-ran ló kọ́kọ́ dé. Orí ẹlẹ́dẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín bí alápatà ṣe ṣètò rẹ̀. Ó ti bébà sábẹ́ ahọ́n tútù náà. Ahọ́n náà lá a níka.

Ọ̀sán làwọn ọmọ wá foríbalẹ̀ fún un, wọ́n ń ki owó bébà bọ ẹnu àti imú rẹ̀ fún oríire. "Ẹ wò ó," ni Mu-yeol wí, "ó jọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mi àtijọ́!" Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. Tíṣà nìkan ni ò lè rín.

Láti ìgbà náà, kò lè jókòó. Bí bọ́ọ̀lù bá ta lórí tábìlì, àyà rẹ̀ á já. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á fò dìde. Bó bá jí láàárọ̀, ìrẹsì tútù á wà lẹ́nu rẹ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọ̀gbẹ́ni Byeon, aṣojú àjọ náà, dé láti Seoul láìsọ tẹ́lẹ̀, ó mú ìwé orúkọ dání.

"Mo kàn fẹ́ pe orúkọ ni, tíṣà."

"Ẹ jẹ́ ká mu kọfí ná, sà."

"Bá a bá ṣe tán."

Ó ń pè, wọ́n ń jẹ́. Mu-yeol jẹ́ tiẹ̀. Mọ́kàndínlógún pé.

"Ma Ji-oh."

Ó gbójú sókè nínú ìwé, ó ń wo àwọn ọmọ kiri.

"Ma Ji-oh ò sí? Tíṣà, ogún lẹ kọ. Bí ogún ò bá pé, a máa gbowó wa padà o."

Òógùn bo Hye-ran. Mu-yeol rí i láti ẹ̀yìn yàrá. Kò sí ọmọ kan ní Gunsan tó lọ ilé ẹ̀kọ́ rí, bó ti wù kó kéré, tí kò tíì jẹ́ orúkọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sá. Ó fa fìlà bojú, ó pa ohùn dà.

"Mo wà ńbí, sà!"

"Má jẹ́ ẹ!" Hye-ran ké, ó ti pẹ́ jù.

Ẹnu Mu-yeol ò padé mọ́. Ó ń là sí i, igun rẹ̀ méjèèjì ń ya sókè síhà etí, ó ń rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí àgbọ̀n. Imú rẹ̀ ń dún bíi ti ẹlẹ́dẹ̀. Ó ṣubú. Àwọn ọmọ figbe ta.

Hye-ran mọ ohun tó lè dá a dúró. Ó sì mọ ohun tó máa ná an: owó, ilé, orúkọ rere, bóyá ẹ̀wọ̀n pàápàá. Ó dúró. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó dúró. Mu-yeol wá yíjú sí i.

"Kì í ṣe òun!" ni Hye-ran ké pẹ̀lú ẹkún. "Èmi ni Ma Ji-oh! Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, èmi ni mò ń fọwọ́ sí i! Ọ̀gbẹ́ni Byeon, ẹ pè mí! Ẹ pe orúkọ náà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

Ọkùnrin náà wo ìwé, ó wo Hye-ran. "Ma... Ma Ji-oh?"

"Mo wà ńbí!"

Ẹnu Mu-yeol padé. Àgbọ̀n Hye-ran dún wàká, ó yẹ̀. Eyín rẹ̀ ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì tẹníìsì, ó ń ta pọ́n-ún, pọ́n-ún. Ahọ́n rẹ̀ dúdú lẹ́nu rẹ̀, bí èyí tó ti wà lórí igbá alápatà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn dókítà gé ahọ́n náà kúrò. Àjọ gba owó wọn padà, wọ́n ti ilé náà pa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí Mu-yeol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á yà sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ògì ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ àgbà sè. Àpá méjì wà ní igun ẹnu rẹ̀. Á fi ṣíbí bù ú, á fẹ́ ẹ, á rọra gbé e sí Hye-ran lẹ́nu.

"Tíṣà," ló wí lọ́jọ́ kan, "mi ò mọ ohun tó wà lára orúkọ yẹn. Mo kàn rí i pé àyà yín ń já ni. Ṣebí ká ní èmi ni, ẹ̀yin náà máa jẹ́ ẹ fún mi?"

Bírò àti bébà tí dókítà fi sílẹ̀ fún un, kó lè máa fi bá èèyàn sọ̀rọ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Hye-ran wò wọ́n, ó rántí orúkọ tó kọ́kọ́ kọ sórí bébà Ìyá Cheon. Ó tì wọ́n sẹ́yìn, ó sì la ẹnu fún ṣíbí tó kàn.