Fìlà Olóògbé Lẹ́nu Ààrò

Inú kànga ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ni wọ́n ti bá ọkùnrin náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, tí ilẹ̀ kò yọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a jà. Bàtà rẹ̀ wà létí kànga, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé onílé. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo àdúgbò ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Wọ́n sin ín, wọ́n sunkún, ilẹ̀ ò sì tíì gbẹ lórí rẹ̀ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ló pa á.

Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà lojú máa ń kọ́kọ́ lọ. Eléyìí sì ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n á fi fura sí i. Kò sunkún níbi ìsìnkú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, kò sì tún bí òmíràn tẹ̀lé e. Ó máa ń la igi fúnra rẹ̀, á gbé àpò ìyẹ̀fun léjìká bí ọkùnrin, bí èèyàn bá sì kí i, á dáhùn, á dákẹ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tó ń ta ọṣẹ níwájú ilé tirẹ̀ ládùúgbò wọn, tí ọ̀rọ̀ kì í sùn sí nínú, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé àjẹ́ ni. Ó sọ ọ́ tán, ó ra búrẹ́dì lọ́wọ́ àjẹ́ náà, ó sì fi mu tíì.

Àbúrò olóògbé padà wálé láti ìlú tó ti ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Káfíńtà ni gbogbo ayé ń pè é. Ìyá wọn ló ránṣẹ́ sí i, kò sì jẹ́ kó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ìwọ nìkan ni ọkùnrin tó kù nílé yìí. Má jẹ́ kí wọ́n rí omijé lójú ẹ."

"Mo gbọ́, Màmá."

"Ìyàwó yẹn, mi ò fẹ́ ẹ nílé yìí mọ́. Ṣùgbọ́n a ò lè lé e lásán, wọ́n á ní ìkà ni wá. Aríran ń bọ̀ ní Sátidé. Kó tó dé, ìwọ máa ṣọ́ ọ. Ohun tó o bá fojú ara ẹ rí, òun lo máa sọ níwájú ẹbí. Á kó ẹrù ẹ̀ lọ, ọmọ á dúró tì wá."

"Ṣé ọmọ kékeré yẹn náà lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀?"

"Ọmọ wa ni. Mo sì ń rán ẹ létí, àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà ẹ ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí."

Káfíńtà kò jiyàn. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju bó ṣe lè sọ lọ, ó sì fẹ́ kí ẹnì kan wà tí òun máa di ẹ̀bi rù. Nígbà tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ yọjú sí i lọ́jọ́ kejì, ṣe ló fún un ní àpótí kó jókòó.

"Mo fojú mi rí i, Káfíńtà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣì wà láyé ni o. Mo wọlé lọ kí i, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sógiri. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo tún rí i lẹ́nu ààrò, fìlà ẹ̀ lórí, ẹ̀wù ẹ̀ lọ́rùn, ó ń fa búrẹ́dì jáde. Ọkùnrin kan, ara méjì. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bóyá ẹ ṣì í wò ni."

"Ọṣẹ ni mò ń tà, mi ò tíì fi fọ ojú mi dànù. Ìyàwó yẹn gbé àwọ̀ ọkọ ẹ̀ wọ̀. Ó sì lo ọkọ náà tán."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Káfíńtà lára, nítorí pé ohun kan wà tí òun náà ń gbé kiri tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tó ti dé ni ẹyẹ ti ń fò nínú àjà yàrá rẹ̀. Kì í ṣe ẹyẹ kan. Bí ó bá ti kọ orí sí ìrọ̀rí, ìyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lókè, wọ́n á máa lu pákó, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ó mú òòlù, ó tú pákó àjà ní ọ̀sán gangan, ó ti orí bọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ó mọ bí àjà tí ẹyẹ ń gbé ṣe máa ń rí. Kò sí ìtẹ́, kò sí ìyẹ́ kan, kò sí ìgbẹ́ ẹyẹ. Eruku orí pákó kò ní àpá ẹsẹ̀ kankan lára.

Ẹyẹ tí kì í fi àpá sílẹ̀, ta ló ni ín bí kì í ṣe àwọn àgbà? Ó kan pákó padà, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé eku lòun ń wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyàwó náà gan-an. Bó ṣe ń po ìyẹ̀fun, ó ń wò ó. Bó ṣe ń di irun ọmọ rẹ̀ létí ilẹ̀kùn, ó ń wò ó. Obìnrin náà rí i pé ó ń wo òun, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn náà sì tún bí i nínú.

Ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń fa igi lẹ́yìnkùlé. Ó mú òòlù, ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀ láti lọ síwájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lẹ́nu ààrò. Fìlà rẹ̀ ló wà lórí, ẹ̀wù funfun rẹ̀ tó ti gba èéfín ló wọ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi igi gígùn fa páànù búrẹ́dì jáde. Ẹ̀rù ba Káfíńtà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù náà tó dé, inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ dùn, ayọ̀ kan tó dùn ún wọ egungun.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

Ẹni náà yíjú. Ìyàwó ni.

"Ìwọ! Kí lò ń ṣe nínú ẹ̀wù òkú?"

"Ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀, ọkọ mi. Búrẹ́dì wà nínú iná."

"Mo ní kí lò ń ṣe?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. "Iṣẹ́ ni. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀gbọ́n yín ò lè dìde. Bí wọ́n bá rí obìnrin lẹ́nu ààrò láràárọ̀, wọ́n á bi mí pé ọkọ mi ńkọ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n bi mí. Mo bá ń wọ aṣọ ẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè rò pé òun ni."

"Ó ti kú báyìí. Ta lo tún ń wọ̀ ọ́ fún?"

"Òórùn ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀wù yìí," ló dáhùn. "Ẹ ní mi ò sunkún. Mo ti sun ún tán kó tó kú."

Káfíńtà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́, ẹ̀rù sì bà á pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. "Irọ́ ni. Ìwọ náà lò ń rán ẹyẹ sínú àjà mi."

Páànù bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Búrẹ́dì tú ká sínú eérú, kò sì wò wọ́n.

"Ẹyẹ wo?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà ń gbọ́ wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé wọ́n ti ń bá yín sọ̀rọ̀?"

Ìgbà yẹn ni Káfíńtà rántí pé òun ti gbọ́ wọn nílùú tí òun ti wá, kí òun tó délé rárá, tí òun ń sọ fún ara òun pé ẹyẹlé aládùúgbò ni.

"Wọ́n ń pè mí," ló wí nígbà tó yá. "Orúkọ mi nìkan ni wọ́n ń pè."

Obìnrin náà jókòó sórí igi ìdáná. "Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ wọn títí ọdún fi yípo. Mo ní ká lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ, kí wọ́n pe òun ní ọ̀mùtí, kí wọ́n ní mo ti fi oògùn de òun mọ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀ sàn ju kí wọ́n pe ọkùnrin bíi tòun ní wèrè. Mo ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ. Mo bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ pé mo pa á lóòótọ́, ohun tí mo fi pa á nìyẹn." Ó gbójú sókè. "Ẹ má jẹ́ kí n bo tiyín náà mọ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, pálọ̀ kún. Àwọn àbúrò bàbá wà níbẹ̀, Ìyá Ọlọ́ṣẹ wà lójú fèrèsé, kò sẹ́ni tó pè é. Aríran jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí aago ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ọwọ́ náà lọ. Ó di ojú, ó ní òun rí aṣọ ọkùnrin lọ́rùn obìnrin. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un.

"Káfíńtà," ni ìyá rẹ̀ wí, "dìde. Sọ ohun tó o rí."

Bó bá sọ pé òun bá a nínú ẹ̀wù olóògbé, òótọ́ ni, ó sì tó. Ọ̀rọ̀ á parí, obìnrin á lọ, àwọn àna rẹ̀ á fọkàn balẹ̀, orúkọ rẹ̀ á mọ́. Ó wo ìyàwó náà tó di ọmọ rẹ̀ mú mọ́ra, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni.

"Mo rí i nínú ẹ̀wù náà," ló wí. "Iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ ló ń bá a ṣe, nígbà tí ọkọ ò lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ ẹyẹ tí kò sí. Orí ló ń dà á láàmú. Èmi náà ń gbọ́ wọn."

Aríran la ojú. "Ẹ ò rí i? Ó ti bẹ̀rẹ̀ lórí èyí náà."

Ariwo ta. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn àbúrò bàbá ní kí obìnrin náà kúrò nílé lójú ẹsẹ̀, kó tó pa gbogbo ọkùnrin wọn tán. Ẹnì kan ti di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Káfíńtà ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́, gbogbo ohun tó fi ń gba obìnrin náà sílẹ̀ ni wọ́n fi ń di ẹ̀bi rù ú.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò pariwo. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ẹsẹ̀ wọn lò ń gbọ́ ni," ló bèèrè jẹ́jẹ́, "àbí ìyẹ́ wọn?"

Gbogbo ẹbí yíjú sí i.

"Ìyẹ́ wọn ni, Màmá."

"Ní apá ibi tó o bá kọ orí sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ohun tí bàbá ẹ sọ náà nìyẹn." Ìyá tọ́ka sí ìyàwó náà láìwò ó. "Wọn ò tíì bí èyí nígbà yẹn. Ẹ fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ fún un."

Ẹni tó di ọmọ mú tú u sílẹ̀.

"Mo ní ibà ló pa bàbá yín," ni ìyá ń bá a lọ. "Mo sọ ọ́ títí mo fi gbà á gbọ́. Nígbà tí àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sógiri, mo mọ̀. Mi ò bi í. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí àjẹ́ wà nílé mi ju kí wọ́n ní ọkùnrin ilé mi ya wèrè. Mo ti fi ọmọ kan san án." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì fi aṣọ bojú.

Aríran wo aago rẹ̀, ó ní wọ́n ń retí òun níbòmíràn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá di Káfíńtà lọ́wọ́ mú, àgbàlagbà ọkùnrin gìrìwò, ó gba ojú títì pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ìyá Ọlọ́ṣẹ rí wọn láti òkèèrè.

"Ẹ̀yin Màmá, ibo lẹ ń fọwọ́ fa ọkùnrin tó tó báyìí lọ?"

Káfíńtà rò pé ìyá òun máa ní àwọn ń lọ kí ẹbí.

"Ilé ìwòsàn," ni ìyá dáhùn, kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ara ọmọ mi ò yá. Orí ló ti ń ṣe é. Orí náà ló ti ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti bàbá wọn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa, àbí kí n tún un sọ, kẹ́ ẹ lè rí i rò fún wọn?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ mú ọṣẹ kan, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó máa ń wà ní títì.

"Ẹ dúró dè mí díẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ò jáde tán. "Àbúrò mi ọkùnrin wà nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí n bá a wá bàtà, ká jọ lọ."