Abẹ́rẹ́ Kóòṣì

Ó ku mítà mẹ́wàá péré kí Ẹ̀fúùfù borí nínú ìdíje eré sísá náà nígbà tó ṣubú lulẹ̀ gbì. Kò fẹsẹ̀ kọ nǹkan kan. Àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ ló gbé e ṣubú, àfìgbà tí wọ́n rí itọ́ funfun tó ń hó lẹ́nu rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó tú aṣọ rẹ̀ ní ọsibítù figbe ta. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún ni, àmọ́ irun ti hù sí i láyà, ojú abẹ́rẹ́ sì kún ìdí rẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti ń bàjẹ́," ni dókítà wí. "Ẹ bá mi wá orúkọ oògùn tí wọ́n gún un kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Tí mo bá ṣi oògùn lò fún un, èmi gan-an ni mo máa pa á."

Ìyá ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó pè mí lóṣù tó kọjá," ló wí fún ọlọ́pàábìnrin tó ń wádìí ọ̀ràn náà. "Ohùn ọkùnrin ni mo gbọ́. Mo rò pé olè ló jí fóònù ẹ̀. Mo bú u, mo pa fóònù. Ọmọ mi ni mo bú o!"

Nígbà tí ọlọ́pàábìnrin yóò fi dé yàrá kóòṣì tó ń kọ́ Ẹ̀fúùfù ní eré sísá, eérú ìwé ṣì ń gbóná nínú garawa. Ọkùnrin náà ti na pápá bora.

Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọge méjì kú lọ́wọ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó wà lódìkejì odò, ló bá sá wá síhìn-ín. Ìjọba tọ̀hún kọ̀wé, ìjọba tibí ju ìwé náà sínú àpótí. Ìwà òmùgọ̀ gbáà! Ọdún yìí ni ìjọba méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé ohun tí ẹnì kan bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ eléré ìdárayá, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ọ̀kan bá ń wá, kí èkejì mú un.

Ọlọ́pàábìnrin pe aṣọ́bodè òdìkejì. "Ọkùnrin apárí, ọkọ̀ funfun. Ẹ má jẹ́ kó kọjá."

"Ó ti kọjá. Ó tiẹ̀ ń juwọ́ sí àwọn èèyàn yín. Ó rò pé a ti gbàgbé òun, pé òun ti bọ́."

"Ó bọ́ kẹ̀?"

"Ọ̀dọ̀ wa ló bọ́ sí."

Nígbà tí kóòṣì rí wọn lẹ́yìn, ó ya wọ ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó fo ọgbà, wáyà fa ṣòkòtò rẹ̀ ya. Inú ìyẹ̀fun pákó ni wọ́n ti wọ́ ọ jáde. Nínú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n bá ìgò méjìlá tí ó ti ha ìwé orúkọ ara wọn kúrò, àti ọmọbìnrin rẹ̀, tí òun náà jẹ́ eléré sísá.

Ọlọ́pàábìnrin kọjá afárá lọ bá wọn ní ọ́fíìsì aṣọ́bodè.

"Kí ló wà nínú ìgò yìí?"

"Fítámì."

"Ọmọ yẹn ń kú lọ!"

"Ẹni tí ò lókun, kí ló ń sáré fún?"

Aṣọ́bodè kò bínú. Ó yọ abẹ́rẹ́ kan tó ti kún jáde láàárín àwọn ìgò náà, ó ní kí wọ́n mú ọmọ kóòṣì wọlé. "Ó ti rẹ ọmọ yín. Ẹ jẹ́ ká fún un ní fítámì díẹ̀."

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ká apá aṣọ sókè. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ yín, Dádì. Gbogbo wọn lẹ fún, àfi èmi."

Abẹ́rẹ́ sún mọ́ apá rẹ̀. Kóòṣì fò dìde.

"Ẹ má gún un! Oògùn tí wọ́n fi ń mú màlúù sanra ni! Ó máa pa á!"

Ó pe orúkọ oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́pàábìnrin ti ń sọ ọ́ fún dókítà lórí fóònù. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn dókítà: "A ti rí ojútùú ẹ̀. Ó máa yè." Ẹkún ayọ̀ ìyá Ẹ̀fúùfù gba orí fóònù kan.

Aṣọ́bodè tú abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Omi lásán ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ kóòṣì ò tíì kúrò lójú kan. "Ẹ mọ̀, Dádì? Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tó kú, ẹ mọ̀?"

Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè sí i. Ọmọbìnrin náà kò dì í mú. Ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́pàábìnrin.

"Ẹ fún mi ní bírò," ló wí. "Mo mọ ẹni tó ń ta oògùn náà fún Dádì."