Àtàǹpàkò Ìyá Machteld

Ọta òjé ló tú jáde láti inú àpò aṣọ kékeré náà. Ó ń yí gbirigbiri lórí tábìlì yàrá ìkàwé ilé ìwé àtijọ́, ó ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hanne Vercauter tún wo inú àpò náà. Òfìfo ni. Èdìdì Ìyá Machteld ti lọ.

Ọdún mẹ́rin ni Hanne ti fi ń wádìí ìtàn ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi idà jagun ní ilẹ̀ Flanders. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń tú àpótí eléruku láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò rí ju ẹjọ́ àgùntàn àti ìjà ààlà oko lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ṣe kòńgẹ́ gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà láti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún, inú rẹ̀ a dùn débi pé oúnjẹ kì í wù ú jẹ. Èdìdì yìí ló kù kó fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Machteld ni olórí àwọn sístà ìlú kan níbẹ̀ láyé ọjọ́un, òun ló fi ìda rẹ̀ lu ìwé ní òǹtẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gba káàdì ìkàwé lọ́wọ́ Hanne. Òun ló tú àpò, nítorí náà òun lolè. Bí wọn ò bá rí olè gidi, kò sí ilé ìwé àtijọ́ kan tó tún máa ṣílẹ̀kùn fún un mọ́ láé.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Reinhilde Saelens. Kò fẹ́ràn àwọn ọ̀mọ̀wé rárá. Lójú tirẹ̀, àgbàlagbà tó bá ń torí òkú àtayébáyé bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà kò níṣẹ́ ṣe ni.

"Ta ló lo àpótí yìí lánàá?" ló bi Joris Bultinck, olùtọ́jú yàrá ìkàwé.

"Èèyàn mẹ́ta ni, mà. Hanne wo awọ ìwé nìkan. Ọ̀gbẹ́ni Dhaenens, lọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì, ń wá bàbá ńlá rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Craeynest náà yà wá kí i."

"Kí ta?"

"Ìyá Machteld."

"Ẹni tó ti kú? Ó mà káàárẹ̀ o. Nígbà tó o gba àpótí padà, ṣé o wo èdìdì náà?"

"A kì í tú àpò rẹ̀, mà. Ìda àtijọ́ ni, ó ń rún. Ọwọ́ la fi ń gbé e wò. Tó bá ti le, tó sì wúwo, ó pé nìyẹn."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ń ra ẹyin, tí o kì í ṣí páálí rẹ̀?"

Joris wolẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa ń yẹ àpò kóòtù gbogbo èèyàn wò kí wọ́n tó jáde, kò sí bí olè ṣe lè gbé e kọjá.

"Àbí ẹ̀ ń wọ ìbọ̀wọ́, tí mi ò fi ní rí ìka ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

"Orí tẹlifíṣọ̀n nìkan nìyẹn, mà. Ọwọ́ fífọ̀, ọwọ́ gbígbẹ, òun ni tiwa. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Dhaenens kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bi òun kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

"Èmi? Kí n jalè? Ìdílé akọni ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ti bí mi!"

"Ẹ ti rí akọni náà?"

"Ó kù díẹ̀. Àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí báyìí, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sìn."

"Ẹ kú orí ire. Ṣé èdìdì yẹn wù yín?"

"Ó wù mí kú! Ká ní wọ́n ń tà á ni, ǹ bá ti rà á. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó kọjú sí mi lánàá, ṣe ló ń wò ó tó ń pòṣé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Odilon Craeynest kò dìde nígbà tí Saelens wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n rí rán wá? Ṣé o tiẹ̀ mọ Machteld?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo ayé ló mọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lẹ́yìn èdìdì náà, níbi tó ti tẹ ìda. Mo ki tèmi bọ ojú ibẹ̀, ọwọ́ mi kan ọwọ́ rẹ̀! Ibẹ̀ ni ìwé mi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sunkún tí wọ́n bá kà á."

"Hanne ńkọ́?"

"Ọmọ kékeré aláìmọ̀kan. Ó ní òun fẹ́ yẹ ẹ̀yìn èdìdì wò. Kí ló kù tó fẹ́ wò níbi tí mo ti wò tán?"

Ìbọ̀wọ́ òwú funfun yọ orí jáde lápò kóòtù rẹ̀ tó fi kọ́. Lórí tábìlì, nǹkan funfun roboto kan tẹ bébà mọ́lẹ̀.

"Kí lèyí, sà?"

"Àwòṣe èdìdì náà ni. Òṣìṣẹ́ kan ló fi ẹfun pò ó nígbà ayé àwọn bàbá ńlá wa. Kò já mọ́ nǹkan kan."

Saelens dojú rẹ̀ dé. Ojú àtàǹpàkò kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó fẹ̀ jù fún un, bí bàtà bàbá lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Ó padà sí yàrá ìkàwé, ó jókòó síbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sí. Ọta òjé kì í hù lórí tábìlì. Ibì kan ni wọ́n ti kó o. Ojú rẹ̀ lọ síbi àwọn àpò aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń tẹ ìwé kó má bàa padé. Joris ń pè wọ́n ní ejò.

"Kí ló wà nínú ejò yín?"

"Òjé ni, mà." Joris la ẹnu, kò lè pa á dé mọ́.

Saelens fọwọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan yọ kókó láàárín. Ó tú okùn ẹnu rẹ̀, èdìdì ìda aláwọ̀ ewé sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Fọ́nrán òwú funfun lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ tó ti rún. Ó yí i padà, ó wò ó pẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó pe gbogbo wọn jọ. Ó gbé èdìdì náà síwájú Craeynest.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtàǹpàkò Ìyá Machteld hàn wá."

Craeynest kò nawọ́. Ẹyẹ kékeré kan ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìda náà. Kò sí àtàǹpàkò níbẹ̀.

"Ẹ ò rí èdìdì yìí rí títí di àná," Saelens wí. "Àwòṣe lẹ rí. Àtàǹpàkò ẹni tó po ẹfun lẹ kì tiyín bọ̀. Nígbà tí Joris sọ̀kalẹ̀ lọ gbé àpótí mìíràn, tí Ọ̀gbẹ́ni Dhaenens sì tẹjú mọ́ ìwé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ẹ fi èdìdì sínú ejò, ẹ sì da òjé sínú àpò rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbé e wò. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹlifíṣọ̀n yín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbí kò jẹ́ wọ̀ ọ́."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a.

"Ibí yìí máa ń tutù," Craeynest wí wúyẹ́wúyẹ́. "Àwòṣe sì wà nítòsí, òun ni mo fi kọ ìwé mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ yìí ti béèrè ojúlówó, mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó. Mo yí i padà... Gbogbo ayé ni ì bá fi mí ṣẹ̀sín."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí lólè," Hanne wí. "Sà, ní kíláàsì yín àkọ́kọ́, kí lẹ kọ́ wa? Pé ká má gba àdàkọ gbọ́ tí a ò bá tíì rí ojúlówó!"

Dhaenens rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwé rẹ̀ ló mú gbogbo wa sunkún lórí ọwọ́ ẹni tó po ẹfun!"

Joris dá káàdì Hanne padà fún un. Hanne kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó sì padà wá jókòó ti ẹyẹ kékeré náà.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Saelens ti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Àtàǹpàkò, sà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, tiyín la fẹ́."