Ìwé Tí Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Kò Kọ́kọ́ Kà

"Ta ló ti ka ìwé yìí?" Àǹtí bèèrè. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n kò tàn án.

"Ìyá mi ti kà á. Wọ́n ní ó dùn."

"Ìyá ẹ tó jẹ́ pé tó o bá fi èédú ha ògiri, á ní ó dùn? Ẹni tí ò ní gbè sẹ́yìn ẹ ni mò ń bèèrè. Ọ̀rẹ́ ẹ tó ya àwòrán èèpo ìwé ńkọ́?"

Ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Òǹkọ̀wé wolẹ̀. "Ó ti kà á, Àǹtí."

Irọ́ gbuu ni. Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ni ilé ìtẹ̀wé kékeré náà, kì í sì í tẹ ìwé ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ títí ẹnì kan tó lè sọ òótọ́ yóò fi kà á tán. Bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni ìwé yóò jáde níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kí i kú oríire, orí rẹ̀ sì ti wú.

Ohun tí kò sọ ni pé orí kẹta, tó dùn jù, kì í ṣe àròsọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ya àwòrán yẹn, tí wọ́n ń pè ní Ayàwòrán, bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, ìdílé wọn sì ń sọ fáráyé pé ó lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Òǹkọ̀wé nìkan ni Ayàwòrán sọ ọ́ fún. Òǹkọ̀wé sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọbìnrin di ọmọkùnrin nínú ìwé, ó rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ẹni tó ń fi ìwé pa mọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó ṣe.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí Àǹtí ti tẹ ìwé náà tán, Ayàwòrán wá bá wọn to ìwé. Wọ́n ti kó abala ìwé kalẹ̀ ní òkìtì òkìtì yí tábìlì ká, èèyàn á máa rìn yí i po, á máa mú ẹyọ kan nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan.

"Òòyì ń kọ́ mi o! Òǹkọ̀wé, ẹsẹ̀ tuntun lo máa rà fún mi!"

Lójijì Ayàwòrán dúró, ó ń ka abala tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló wà nínú ìtàn náà tó di fóònù tó ti kú mọ́ etí, tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbọ́.

"Èmi nìyí," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo yí orúkọ padà..."

"Ta ni mo sọ ti fóònù yẹn fún yàtọ̀ sí ẹ? Àwòrán tí mo fi gbogbo ọkàn yà fún ẹ, ṣé èyí lo fẹ́ fi bò?"

Ó rọra dá abala náà padà sórí òkìtì rẹ̀, ó sì bọ́ síta.

"O ní ó ti kà á," Àǹtí wí.

Òǹkọ̀wé bú sẹ́kún. "Ẹ jẹ́ ká yọ orí kẹta kúrò."

"Òun ló gbé ìyókù dúró. Wò ó, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gbé ìwé jáde máa ń ní àwọn tó ń bi òǹkọ̀wé léèrè ọ̀rọ̀. Ìwọ tó ń gbé tìẹ jáde fúnra ẹ ò ní wọn, àfi kó o wá wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ ni. Tó o bá ní ká tò ó, màá tò ó."

Òǹkọ̀wé ro ti gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ lọ́la, ó ro ti àtẹ́wọ́ tí wọn ì bá pa fún un. Ó dùn ún wọnú eegun. Ó kó orí kẹta, ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé.

"Ẹ gé gbogbo ẹ̀. Kí ìwé náà má jáde mọ́."

Ní ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. "Ìwé mi ò ní jáde. Ẹ̀bi mi ni." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rín sọ. "Òǹkọ̀wé tí ò níwèé!" Ó mú un mọ́ra, nítorí ó ti yé e pé kí èèyàn tó gbé orúkọ ara rẹ̀ sára ìwé, ó yẹ kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ó bá Ayàwòrán ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, níbi tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Má bẹ̀ mí lónìí," ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ó ṣì ń dùn mí."

"Mi ò ní bẹ̀ ẹ́."

Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó yíjú padà. "Ṣé wàá máa dúró síbẹ̀ ni?"