Ìdí Tí Dadi Fi Gbé Ẹní Rẹ̀ Lọ sí Ilé Ìdáná

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni Jorina máa ń ráyè sinmi, ọjọ́ Jímọ̀ yẹn náà sì ni gbogbo aṣọ ilé máa ń dúró dè é. Láti Sátidé títí di Ọjọ́bọ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń wà ní ilé iṣẹ́ aránṣọ níbí ní ìlú Gazipur. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ló ń rán. Tó bá délé nírọ̀lẹ́, á se ìrẹsì, á fọ abọ́, oorun á sì gbé e lọ.

Ọgbà kan náà ni èmi àti Jorina jọ ń gbé. Ògiri páànù ló là wá láàárín, pọ́ǹpù kan náà la sì ti ń fa omi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, kó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹni márùn-ún ni wọ́n nínú yàrá méjì. Jorina wà níbẹ̀ pẹ̀lú Tofazzal, ọkọ rẹ̀, tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníbátìrì. Monowara ni ìyá ọkọ rẹ̀. Sabuj, ọmọ wọn ọkùnrin, ti ń ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Mitu, àbígbẹ̀yìn, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé ni. Dadi ni Mitu ń pe Monowara, bí gbogbo ọmọ àdúgbò wa ṣe ń pe ìyá bàbá wọn. Látìgbà tí wọ́n ti já ọmọ náà lẹ́nu ọmú ló ti ń sùn ti Dadi, lábẹ́ aṣọ ìbora tí Dadi fi àwọn ògbólógbòó sárì rẹ̀, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin ibí máa ń lọ́ mọ́ra, rán pọ̀.

Lọ́dún yẹn, òjò ò jẹ́ ká rímú mí. Aṣọ tí Jorina bá fọ̀ ní Jímọ̀, yóò ṣì tutù lọ́jọ́ Àìkú. Ó wá so okùn sókè bẹ́ẹ̀dì, ó ń sá wọn síbẹ̀. Èyí tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí dà pọ̀ mọ́ra nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Láàárọ̀, Tofazzal á fa aṣọ kan yọ, á gbóòórùn rẹ̀, tí kò bá burú jù, á wọ̀ ọ́. Tówẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ilé fi ń nura.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Monowara gbé sárì rẹ̀ kan wá fún Jorina pé kó bá òun fi kún aṣọ tó ń fọ̀. Ọwọ́ Jorina ti wà nínú ọṣẹ láti òwúrọ̀, ẹ̀yìn sì ń ro ó.

Ó ní, “Màmá, ọwọ́ méjì péré ni mo ní.”

Ìyá àgbà mú sárì rẹ̀, ó padà wọlé. Jorina kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń fọ̀ ọ́ lọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Mitu bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Àárín ìka ọwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé ọrùn ọwọ́, ó dé ìdí. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, ńṣe ló máa ń le sí i. Jorina ra oògùn ìpara ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ó fi pa á lára, ara ọmọ náà sì balẹ̀ díẹ̀. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún ra òmíràn, ó tún padà. Tíṣà rẹ̀ wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Jorina pé kí Mitu dúró nílé ná títí ọwọ́ rẹ̀ á fi jinná.

Àárín ìgbà yẹn ni Dadi gbé ẹní rẹ̀ àti aṣọ ìbora rẹ̀ kúrò ní yàrá, ó lọ tẹ́ ẹ sí igun ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná. Nígbà tí Tofazzal béèrè ìdí, ó ní ooru ibẹ̀ dára fún orúnkún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá aṣọ rẹ̀ fọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sá a.

Ohun tó dun Jorina jù ni ti Mitu. Láti kékeré, Dadi ló ń fi ọwọ́ rẹ̀ po ìrẹsì mọ́ ẹja, tó ń rọra fi í sẹ́nu ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan, Mitu gbé abọ́ rẹ̀ lọ bá a bó ṣe máa ń ṣe. Dadi fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ó ní, “Gbé e lọ bá ìyá ẹ.”

Mitu dúró, abọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. “Dadi, kí ni mo ṣe?”

Ìyá àgbà yíjú sí ògiri. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, kó ṣáà máa lọ.

Jorina gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ sárì ọjọ́sí ni. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìyá rẹ̀ ń fìyà ẹ̀ṣẹ̀ òun jẹ ọmọ. Tofazzal ní ìyá òun kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ náà títí, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Monowara ní òun fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin ní Jamalpur. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan. Jímọ̀ ni. Jorina ní kí òun kúkú fọ aṣọ ìbora ìyá àgbà kó tó lọ. Ó wọ ilé ìdáná, ó sì gbé e.

Monowara di etí kejì mú. “Fi í sílẹ̀, Ìyá Sabuj. Má fọwọ́ kàn án.”

“Màmá, ẹ ò lè gbé aṣọ ìbora tó dọ̀tí lọ sílé ọmọ yín. Kí ni wọ́n máa sọ nípa mi?”

“Mo ní kí o fi í sílẹ̀.”

Àwọn méjèèjì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ni sárì bá yọ̀ kúrò lápá ìyá àgbà. Jorina rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ti họ ọ́ bó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀.

Jorina jọ̀wọ́ aṣọ ìbora náà. “Màmá, látìgbà wo?”

“Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í le.” Monowara ń fa sárì bo apá rẹ̀. “Èmi ni mo kó o ran ọmọ yẹn. Mo ti rò ó títí. Èmi nìkan náà ló ń sùn tì. Wọ́n á ní arúgbó yìí dọ̀tí, òun ló kó àrùn wọlé. Mo ní kí n tètè máa lọ kẹ́ ẹ tó ní kí n lọ.”

“Kí n ní kí ẹ lọ kẹ̀?” Jorina jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Mo rò pé ẹ ń bínú sí mi nítorí sárì yẹn ni.”

“Sárì wo?”

Kò tiẹ̀ rántí mọ́. Jorina wò ó títí, kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. Ó wá gbé etí ẹ̀wù rẹ̀ sókè níbi ìbàdí. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀.

Ó ní, “Ẹ wò ó. Níbi iṣẹ́, ilé ìyàgbẹ́ ni mo máa ń sá sí lọ họ ọ́.”

Ìyá àgbà fọwọ́ bo ẹnu. “Ìwọ náà?”

“Èmi náà, Màmá.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ìyá àgbà, omi sì tẹ̀ lé e lójú rẹ̀. Jorina di ọwọ́ náà mú bó ṣe rí yẹn, kò bìkítà. Jamalpur ò tún jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jorina gba àyè níbi iṣẹ́, gbogbo wọn sì lọ sí ilé ìlera àdúgbò. Afroza, òṣìṣẹ́ ìlera tó máa ń gún àwọn ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, yẹ ara wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìfọ́n ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní kúrúnà. Kòkòrò kékeré tí ojú ò lè rí ló ń gbẹ́ abẹ́ awọ ara, tó ń yé ẹyin síbẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́.

Monowara béèrè bóyá òun lòun gbé e wọlé.

Afroza ní, “Màmá, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o. Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ lè kó o. Ara tó bá ń kan ara pẹ́ títí ló fi ń rìn, aṣọ àti ibùsùn náà sì lè gbé e. Ọmọ lẹ gbé mọ́ra. Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.”

Ó ṣàlàyé ìdí tó fi ń padà sí Mitu lára. Ọmọ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, àwọn tó kù sì ń kó o padà ràn án. Gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ lo oògùn lọ́jọ́ kan náà. Tofazzal ní ara òun ò yún òun, kí wọ́n má fi ìpara ṣòfò lára òun.

Afroza ní, “Bàbá Sabuj, ó lè wà lára yín fún bí oṣù kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín. Tẹ́ ẹ bá yọ ara yín sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa dá a padà fún wọn.” Tofazzal gba ìpara tirẹ̀.

Ó ní kí wọ́n fi í para lálẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, dé àárín ìka, abẹ́ èékánná àti ìdodo, kí wọ́n sì jẹ́ kó wà lára di òwúrọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tún un ṣe. Ilé tí aláboyún tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera kí wọ́n tó fi nǹkan kan pa wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá fi í para, kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ, tówẹ̀lì àti aṣọ ìbora tí wọ́n ti lò lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì sá a sóòrùn títí á fi gbẹ ganrínganrín. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n má sì tú u fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ojú Jorina rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, “Gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èmi nìkan?”

“Ẹni mélòó ló ń wọṣọ nílé yín?”

“Márùn-ún.”

“Ẹni mélòó ló ń fọ̀ ọ́?”

Tofazzal ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Wọ́n dúró títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, gbogbo wọn fi ìpara para lálẹ́, wọ́n sì dìde sí aṣọ fífọ̀ láàárọ̀. Tofazzal ò gbé kẹ̀kẹ́ jáde lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo yá wọn ní ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ìgbéyàwó, Monowara sì ń ko iná sábẹ́ rẹ̀. Sabuj kọ́kọ́ ní òun á fọ tòun nínú ilé, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nídìí pọ́ǹpù. Nígbà tó rí bàbá rẹ̀ tó ká lungi, ìró tí àwọn ọkùnrin ibí ń ró, sókè, tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nínú ọpọ́n, ó jáde wá.

Awakọ̀ kan tí òun àti Tofazzal jọ ń ṣiṣẹ́ ń kọjá lọ. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ní, “Tofazzal, ta ló fi ẹ́ ṣaya?”

Tofazzal ò bínú. Ó na etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí i. “Di ibí mú, ká jọ fún un.” Ọkùnrin náà dì í mú lóòótọ́, wọ́n sì fún un títí tí omi ò fi kán mọ́.

Látìgbà yẹn, wọn ò tún jẹ́ kí aṣọ dúró de Jímọ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọ díẹ̀. Sabuj ń fọ tirẹ̀, Tofazzal ń pọnmi, ó sì ń fún aṣọ tó wúwo. Ó so okùn sábẹ́ òrùlé níta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kò sí aṣọ tútù lókè bẹ́ẹ̀dì mọ́. Oníkálukú ní tówẹ̀lì tirẹ̀. Dadi ló ń ká aṣọ, òun ló sì ń ṣọ́ ojú ọ̀run. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, gbogbo ọgbà wa ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ara ṣì ń yún wọn díẹ̀ lẹ́yìn oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rù sì ba Jorina. Afroza ní kó fọkàn balẹ̀, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tán, ṣùgbọ́n tí egbò tuntun bá yọ, kí wọ́n padà wá. Kò sí tuntun tó yọ. Mitu padà síléèwé.

Dadi ṣì ń bẹ̀rù, kò fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ náà, àfìgbà tí Afroza fúnra rẹ̀ wá sọ fún un pé kò séwu mọ́. Ó ká ẹní rẹ̀ nílé ìdáná, ó gbé e padà sí yàrá. Kò tíì tẹ́ ẹ tán tí Mitu fi dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀. Ìyá àgbà jókòó tì í, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, tí ara bá ń yún ẹni kan nílé yín, pàápàá lálẹ́, ẹ má kàn ra ìpara fún òun nìkan. Ẹ jọ lọ sí ilé ìlera, kí gbogbo ilé sì gba ìtọ́jú lọ́jọ́ kan náà, àti ẹni tí ara ń yún àti ẹni tí kò yún. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti ibùsùn, ẹ sá wọn sóòrùn, kí oníkálukú sì ní tówẹ̀lì tirẹ̀. Aṣọ fífọ̀ nìkan ò lè wo ìfọ́n sàn, oògùn nìkan náà ò sì tó. Ẹ má sì di iṣẹ́ aṣọ gbogbo ilé ru ẹnì kan, torí níbi tó bá ti rẹ ẹni yẹn ni aṣọ ti ń di òkìtì.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi í pamọ́. Tí ara bá ń yún ọ, sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ò ń tìtorí rẹ̀ fi í pamọ́ máa fi aṣọ bo tirẹ̀ náà.