Ojú Ìwé Kẹẹ̀ẹ́dógún Tó Sọnù

Olè tó wọ ilé ìtàwé Jọláyẹmí ní Ìkìrun kò fọwọ́ kan tẹlifíṣàn tó wà lára ògiri. Kò mú jẹnẹrétọ̀, kò mú fáànù. Ìwé àtijọ́ mẹ́rìndínlógún ló kó lọ: ìwé ewúrẹ́ sísìn, ìwé orin ọmọdé, ìwé ọṣẹ ṣíṣe, ìwé aṣọ rírán, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Sájẹ́ńtì Ìgbẹ́kẹ̀lé ṣe ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.

"Madam, ta ló ń jí ìwé lóde òní?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ Mojíbọ́lá Ọlánípẹ̀kun kò bá a rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàrin ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ti kó ìwé nílé Màmá Àtọ́kẹ́ ní Òkukù, wọ́n sì ti kó ti Tíṣà Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ní Inísà. Ó tẹ́ orúkọ ìwé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ìka tọ wọ́n lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wọn: Ìtọ́jú Àgbàdo àti Ẹ̀wà Nínú Àpò. Màmá Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lọ́dún 1987, nígbà tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ àgbẹ̀.

Ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin yìí kan náà ló máa fojú ba kóòtù lọ́jọ́bọ̀. Ẹnì kan ló tún ìwé náà tẹ̀ lọ́dún yìí. Orúkọ Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sí níbì kankan. Fọláfúnmi, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Ìgbayè, ra ẹyọ kan ní ṣọ́ọ̀bù Jọláyẹmí. Ó fi oògùn kòkòrò sínú àpò ẹ̀wà bí ìwé ṣe wí, ó to àpò sí yàrá tó ń sùn, kò sì jí mọ́. Dàmọ́lá ọkọ rẹ̀, tó sùn sóko lóru ọjọ́ yẹn, gbé ìwé náà wá fún ọlọ́pàá. Kò síbi tí ìwé ti sọ pé kí ènìyàn má sùn ti àpò. Màmá búra pé òun kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní kó mú ti àtijọ́ wá kí wọ́n wò ó, àmọ́ kò sí mọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Jọláyẹmí, ta ló ń kó tuntun yìí wá fún yín?"

"Ọkùnrin kan tó ń gbé ìwé kiri ni, Madam. N ò mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti ja èmi náà lólè? Ẹyọ kan tí mo ní nínú ti àtijọ́ ni wọ́n gbé lọ yẹn."

"Ẹ ti rí ti Tíṣà Ọmọ́ṣẹ̀yìndé rí?"

"Rárá o. N ò fojú kàn án rí."

Gbogbo àdúgbò yẹn ló mọ Jọláyẹmí. Bí ìwé kan ti di àwátì láti ogójì ọdún, tí o bá ti sọ fún un, ó máa mọ ilé tó wà. Ojoojúmọ́ ni àwọn tíṣà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tó ń bá Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ̀rọ̀.

Ní Inísà, Tíṣà fi awò sójú, ó ń ṣí ìwé tuntun náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dúró ní ojú ìwé kẹsàn-án.

"Ta ló gbé ìwé mi lọ tẹ̀?" Ó na ìka sí àgbélébùú kékeré kan létí ìwé. "Ibi tí mo bá kà dé ni mo máa ń ṣe é sí. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ mọ́ ọn."

"Ta lẹ yá a, sà?"

"Jọláyẹmí ni, lọ́dún tó kọjá. Ó ní ẹnì kan ń wá a. Nígbà tó máa fi dá a padà, ó ti tú, ó fi rọ́bà dè é. Inú bí mi gan-an. Mo kàn sọ ọ́ sórí pẹpẹ ni, n ò ṣí i mọ́."

Ìnsípẹ́kítọ̀ pe Sájẹ́ńtì lórí fóònù pé kó lọ tú ilé Jọláyẹmí wò. Òun alára gun ọ̀kadà lọ sí Òkukù.

Màmá Àtọ́kẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Adétóun ọmọ rẹ̀ ní Màmá kò jẹun láti àárọ̀, pé àwọn ará ìjọ kì í yà sọ́dọ̀ wọn mọ́.

"Mo kọ ọ́, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Àmọ́ wọ́n ti bi mí bi mí, ó ti wá ń ṣe mí bíi pé n ò kọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ká Ìnsípẹ́kítọ̀ lára ju ẹkún lọ. Ó yíjú sí pẹpẹ. Ìwé tí olè fi sílẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀kan nípọn gan-an, wọ́n kọ Ìṣirò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ wò ó látẹ̀gbẹ́, ó sì rí i pé àwọ̀ bébà inú rẹ̀ kò bára mu.

"Màmá, ṣé ìṣirò nìkan ló wà níbí?"

"Ti bàbá Adétóun ni. Wọn kì í fẹ́ ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n ní ó máa ń sọnù. Wọ́n á kó márùn-ún mẹ́fà jọ, wọ́n á ní kí wọ́n bá wọn rán an sínú páálí kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, n ò ṣí ìkankan nínú ẹ̀."

Lẹ́yìn ìṣirò, orin ni. Lẹ́yìn orin, ewúrẹ́. Lẹ́yìn ewúrẹ́ ni ìwé Màmá. Ìnsípẹ́kítọ̀ fi tuntun tì í. Ti àtijọ́ jẹ́ ojú ìwé méjìlélọ́gbọ̀n, tuntun jẹ́ ọgbọ̀n. Ó ka ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ló wá wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ó gbé ìwé méjèèjì, ó padà sí Ìkìrun.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, gbogbo wọn pé sí tẹ́sàn Ìkìrun: Màmá, Tíṣà, Jọláyẹmí, àti Dàmọ́lá tó fara ti ògiri, tí kò wo ojú Màmá. Sájẹ́ńtì wọ́ àpò ìrẹsì kan tó bá nílé Jọláyẹmí wọlé. Ìwé ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ìwé ọṣẹ wà níbẹ̀. Ti Màmá nìkan ni kò sí, eérú rẹ̀ ni wọ́n bá lẹ́yìnkùlé. Jọláyẹmí kò lè dáná sun ìwé tó ṣì lè tà.

Ó wo àpò náà, ó wolẹ̀.

"Ó dáa, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn ń wá a. Nígbà tá a tú u láti ya fọ́tò ẹ̀, bébà kan bọ́ sọnù. N ò mọ̀, Madam. Àṣìṣe ni."

Láti ìgbà yẹn ni Ìnsípẹ́kítọ̀ kò ti pè é ní ẹ mọ́.

"O mọ̀. Bébà tó sọnù yẹn ló ní ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹrìndínlógún. Ká ní o ò mọ̀ ni, mẹ́tàdínlógún ni ì bá tẹ̀ lé mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá rà á á wá bi ọ́ pé ìyókù dà. Ìwọ pa nọ́ńbà rẹ́, o kọ òmíràn sí i, láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí dé ọgbọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó èèyàn wá kú. O lọ ń kó ti àtijọ́ nílé onílé, o kó ti ewúrẹ́ àti ti ọṣẹ mọ́ ọn kí ojú wa lè kúrò lára rẹ̀, o tún já ṣọ́ọ̀bù ara ẹ. O fẹ́ kí ìyá yìí bá ẹ ṣẹ̀wọ̀n. Ọ̀kadà kan péré ló dé Òkukù. Kí ló dé tí o ò lọ bi í pé kí ló wà níbẹ̀?"

"Mo rò pé kò lè ju nǹkan kékeré lọ. Bébà kan péré ni."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ṣí ìwé tó nípọn náà síwájú rẹ̀.

"Kà á sókè."

Jọláyẹmí fa ìwé náà mọ́ra. Ó kà á: "Ẹ má ṣe gbé àpò tó ní oògùn sínú ilé tí ènìyàn ń gbé. Kí ẹnikẹ́ni má sùn níbi tó wà."

Dàmọ́lá ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Èmi ò mọ̀wé," ni Dàmọ́lá wí. "Òun ló ń kà á fún mi, bí mo ṣe ń gbé àpò. Ó ní ìwé sọ pé ibi tí ilẹ̀ ẹ̀ gbẹ ni ká tò ó sí, yàrá wa nìkan ló sì gbẹ. Tó bá kà á dé ibì kan, á ní kí n dúró, á tún un kà ká má baà ṣì í." Ó kúrò lára ògiri, ó wá dúró níwájú Jọláyẹmí. "Ìyàwó mi ò fo ojú ìwé kankan."