Òkè, Ọ̀tún, Ọ̀tún, Ìsàlẹ̀

"Òkè, ọ̀tún, ọ̀tún, ìsàlẹ̀, òsì. Ẹ tún un sọ!"

Nùrẹ́nì tún un sọ. Ẹ̀yìn ilé wọn ní àdúgbò Maourey ni àbúrò rẹ̀, Hàbíbátù, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ kéú. Pátákó tí bàbá wọn fi ń yẹ ojú wò ni wọ́n ń há sórí. Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ṣoṣo ló kún ara rẹ̀, tó ń kọjú síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó sì ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé á kàn fọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí.

Alájì Jàfárù, bàbá wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ilẹ̀ àjèjì, ló ń yẹ ojú wò, tó ń ṣe awò ojú nítòsí Ọjà Ńlá. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, á gbé pátákó lọ síwájú mọ́sáláṣí kan ní Banifandou, á yẹ ojú àwọn arúgbó wò lọ́fẹ̀ẹ́. Hàbíbátù ló ń fi ọ̀pá tọ́ka. Ta ni ì bá tún mọ pátákó náà tó o?

Ayé ìjọba sójà ni, yùréníọ́mù tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ sì ń pawó. Ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ sí Arlit, níbi tí wọ́n ti ń wà á, lójoojúmọ́. Nùrẹ́nì ti ríṣẹ́ awakọ̀, ó ku ìwé-ẹ̀rí ojú. Bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ kí Bàbá ṣe awò fún yín."

"Awò kẹ̀? Wọn ò ní gba onígíláàsì! Àbí o fẹ́ kí n jókòó sílé títí ayé ni?"

Àánú ṣe Hàbíbátù, ló bá kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, Nùrẹ́nì ka pátákó láìṣi ẹyọ kan. "Alihamdulilahi!" ni Alájì wí, ó fọwọ́ síwèé. Hàbíbátù gbé ọ̀pá tó fi ń tọ́ka kalẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Èyí ò tiẹ̀ pé oṣù kan. Sójà kan nawọ́ sókè ní ẹnubodè pé kí ọkọ̀ dúró. Nùrẹ́nì ò rí i. Sójà bẹ́ sí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Wọ́n ti Nùrẹ́nì mọ́lé, wọ́n sì wá bá Alájì ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló fọwọ́ síwèé yìí?"

"Èmi ni."

"Èmi ni mo kọ́ ọ!" ni Hàbíbátù figbe ta. "Bàbá ò mọ̀!"

Wọ́n mú Alájì lọ, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni àwọn arúgbó Banifandou fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ sójà, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Alájì ò na Hàbíbátù. "Ojú bàbá ni mo fi wo ẹ̀gbọ́n rẹ, n ò fojú oníṣẹ́ wò ó. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Tìẹ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hàbíbátù dúró níwájú àwọn arúgbó, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Ẹkún ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá gé páálí kéékèèké, ó kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i, tí wọ́n á máa yí bó ṣe wù wọ́n, kẹ́nikẹ́ni má lè há a sórí mọ́.

Nígbà tí wọ́n dá Nùrẹ́nì sílẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi páálí náà yẹ̀ wò. Kò rí nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ṣe awò fún un. Ó gbé e sójú, ó wo Alájì títí.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ hewú tó báyìí?"

"Láàárín oṣù yìí ni."

Hàbíbátù gbọ́ ọ, kò sì gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fẹ́ràn yín á sọ àléébù yín fún yín. Ẹni tó bá bá yín bò ó mọ́lẹ̀, kòtò ló ń bá yín gbẹ́.